Ṣé kí n fi ìsọ̀ sílẹ̀ lọ kọ́ òwò lókè òkun?

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Àjárá ni mo wà, ní Àgbádárìgì. Òróró àgbọn ni mò ń ṣe, mo tún ń dín àgbọn sínú ọ̀rá fún àwọn èrò ọ̀nà Sèmè. Ọmọ iṣẹ́ méjì ló wà lọ́dọ̀ mi. Fọ́ọ̀mù méjì ló wà níwájú mi báyìí. Ọ̀kan jẹ́ ti ètò pàṣípààrọ̀ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà ní yunifásítì kan l'Amẹ́ríkà, wọ́n ní àwọn máa kọ́ wa bí a ṣe ń darí òwò. Èkejì jẹ́ ti Íńdíà, lórí ọ̀rọ̀ àgbọn gan-an. Gbogbo ọ̀rẹ́ mi ló ní kí n gbájú mọ́ Amẹ́ríkà, pé ta ló ń lọ sí Íńdíà bí kò ṣe aláìsàn. Ìyá mi ní kí n má lọ síbì kankan, pé ìsọ̀ á ti kú kí n tó dé. Àfẹ́sọ́nà mi ní tí mo bá lọ, kí n wá ọ̀nà dúró síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ rí, kí lẹ kọ́ níbẹ̀ tí ẹ ò lè kọ́ nílé? Ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò mí lójú o.

* * *

Àbúrò mi, kú iṣẹ́. Òróró àgbọn ni èmi náà ń ṣe, lọ́nà Tópò. Mo ti gbé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) kọ́ṣẹ́, mo sì ti lọ sí Íńdíà, torí náà mo lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Kí àwọn tó kù tó bẹ̀rẹ̀ ariwo, dá mi lóhùn ohun kan. Ike òróró kan tí ò ń tà, eélòó ló ná ọ? Mi ò bi ọ́ ní iye tí ò ń tà á. Ka iye àgbọn tó wọ inú rẹ̀, owó ẹni tó là á, owó ẹni tó rin ín, epo jẹnẹrétọ̀, igi ìdáná, ike, lébẹ́ẹ̀lì, owó ọkọ̀ tó gbé e dé Agbára. Lẹ́yìn náà, fi owó iṣẹ́ tìrẹ kún un. Ìyẹn ni gbogbo wa máa ń gbójú fò, a ó ní ilé la ṣáà wà. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún àgbọn díndín náà. Má tíì fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan. Ẹni tó bá lọ láìmọ iye yẹn, gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ á kàn máa kọjá létí ni, torí kò ní ohun tó máa fi gbé e yẹ̀ wò.

* * *

Èmi tí mo kọ́kọ́ dá àbúrò wa lóhùn náà nìyí. Mo ti ka ohun tí ẹ̀yin tó kù kọ sábẹ́ ìbéèrè rẹ̀ láti àárọ̀. Ariwo tó pọ̀ jù ni pé òwò òyìnbó kò jọ tiwa. Wọ́n níná, wọ́n ní báńkì tó ń yáni lówó láìgba ìwé ilẹ̀ bàbá ẹni, ọ̀nà wọn kì í ba ọkọ̀ jẹ́. Kí wá ni ẹni tó ń tajà lọ́nà Sèmè, tí kọ́sítọ́ọ̀mù ń dá dúró lọ́tùn-ún lósì, fẹ́ kọ́ lọ́dọ̀ wọn? Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá lọ wo iná àti ọ̀nà, ìbínú ni yóò gbé bọ̀. Mo mọ ọkùnrin kan tó ti irú ètò bẹ́ẹ̀ dé, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ di "lọ́hùn-ún, lọ́hùn-ún", títí àwọn oníbàárà fi sọ ọ́ lórúkọ, Bọ̀dá Lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n bí èèyàn ṣe ń kọ àwìn sílẹ̀, bó ṣe ń yan ẹni tó máa dúró nídìí owó, bó ṣe ń mọ̀ pé ọjà kan ń jẹ òun lówó lábẹ́lẹ̀, iná kọ́ ló ń ṣe ìyẹn. Ohun tó yẹ kí o lọ wò nìyẹn.

Ẹ̀yin jápa ló tẹ̀lé e. Lọ, má padà. Ó dáa. Físà J-1 ni Amẹ́ríkà fi ń gba àwọn tó bá ètò pàṣípààrọ̀ wá. Tó bá jẹ́ owó ìjọba ló gbé ọ lọ, òfin wọn ní o gbọ́dọ̀ padà sílé, kí o gbé ọdún 2, kí wọ́n tó lè fún ọ ní físà iṣẹ́ H tàbí ìwé ìgbélùú. Àwọn tó ń pariwo kì í dárúkọ èyí. Ní ti àfẹ́sọ́nà, bi í pé ta ni yóò máa san owó ọmọ iṣẹ́ méjì yẹn nígbà tí o bá dúró síbẹ̀. Kí o tún bi í bóyá òun náà ti gba páspọ́ọ̀tù.

Ẹnì kan ní sàtífíkéètì ni gbogbo wa ń lọ gbà. Tèmi wà lára ògiri, ó ti ń pọ́n. Kò sí oníbàárà tó béèrè rẹ̀ rí.

* * *

Ó yá, ọ̀rọ̀ Íńdíà.

Kerala wà ní gúúsù Íńdíà, létí òkun, ọ̀sà àti odò ló gé e kéékèèké. Àgbọn wà níwájú ilé, ó wà lẹ́yìnkùlé, ó wà létí omi. Òjò wọn pọ̀ bíi tiwa, wọ́n sì ní láti máa sá àgbọn láàárín òjò yẹn, bíi tiwa. Ohun tó mú mi yàn án nìyẹn. Ètò ITEC ti ìjọba Íńdíà, tó ti wà láti 1964, ló gbé mi lọ. Wọ́n san owó bàálù, wọ́n san owó ilé àti ẹ̀kọ́, wọ́n tún fún wa lówó oúnjẹ.

Kíláàsì dáa, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n ilé ìfúnróró kékeré kan tí wọ́n mú wa dé ni mo ti jèrè. Ọkùnrin tó ni ín jókòó ti òṣùwọ̀n ńlá kan, ìwé wà lórí itan rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń gbé àgbọn gbígbẹ dé nínú àpò. Kò jẹ́ mú èyí tó wà lókè àpò. Yóò ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, yóò fa ègé kan yọ, yóò fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Tó bá kán, tó sì dún, ó gbẹ nìyẹn. Tó bá ń tẹ̀ láìkán, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó fi ẹ̀rọ kékeré kan wọn omi inú rẹ̀, torí wọn ò fẹ́ kó ju nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 lọ. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, funfun á bò ó, òróró rẹ̀ á sì tètè máa rùn. Ó kọ ìwọ̀n sílẹ̀, ó kọ bó ṣe gbẹ tó, ó kọ owó, ó ya ìwé pélébé kan fún àgbẹ̀, ó sanwó. Kò sí "padà wá lọ́la". Àgbẹ̀ tí tirẹ̀ tutù kò jà, torí ojú rẹ̀ ló ṣe.

Nílé wa, kíkà la fi ń ra àgbọn. Ọgọ́rùn-ún ni ọgọ́rùn-ún, ì báà tóbi, ì báà rí bí ìkúùkù. Bí mo ṣe dé, mo ra síkèèlì ìgbékọ́ kan. Àwọn tó ń kó àgbọn wá fún mi láti Gbẹrẹfú kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ọgbọ́n ìrẹ́jẹ ni, pé òṣùwọ̀n ni wọ́n fi rẹ́ àwọn àgbẹ̀ oníkòkó jẹ láyé àtijọ́. Ìyá kan kó tirẹ̀ padà sínú ọkọ̀ ojú omi, ó ń bú mi lọ. A ṣe é, a ṣe é, a wá fẹnu kò sí pé kí wọ́n máa ṣà á sí òkìtì mẹ́ta, ńlá, àárín, kékeré, kí olúkúlùkù ní iye tirẹ̀. Síkèèlì ò lọ síbì kankan, ẹ̀yìnkùlé mi ló wà. Inú ilé ni mo ti ń wọ̀n, tí mò ń kọ ìwọ̀n àgbọn tó wọlé àti òróró tó jáde. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àgbọn ibì kan ń mú òróró jáde ju ti ibòmíràn lọ, owó kan náà sì ni mò ń rà wọ́n láti ọjọ́ yìí.

Ẹni tó béèrè bóyá mo ra ẹ̀rọ bọ̀: mi ò rà á lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mo wá rà á, ti Íńdíà ni, torí iná wọn jẹ́ 230 fóòtì, 50 hertz, bíi tiwa. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóòtì, 60 hertz. Ẹ̀rọ tó bá wù ọ́ l'Amẹ́ríkà, o máa wá tiransifọ́mà sí i, síbẹ̀ mọ́tò inú rẹ̀ ò ní sáré tó bó ṣe yẹ. Kò sẹ́ni tó ń sọ irú èyí fún èèyàn nínú kíláàsì òwò.

Èèpo onírun tí à ń finá sun nílẹ̀ yìí ńkọ́? Lọ́dọ̀ wọn, odindi òwò ni. Láti 1953 ni òfin ti wà tó dá àjọ kan sílẹ̀ fún un, Coir Board. Wọ́n ń rẹ èèpo náà sínú ọ̀sà fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n á lù ú, wọ́n á ran án di okùn, wọ́n á hun ún di ẹní ìnusẹ̀. Orí mi wú. Mo dé, mo wá ẹni tó máa ra okùn àgbọn kiri Àgbádárìgì, mo dé Agbára, mo dé Ọ̀jọ́. Okùn ọ̀rá ni gbogbo wọn fẹ́. Mo fi í sílẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni níbí bá mọ ẹni tó ń rà á, kó fi tó mi létí, òkìtì rẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn ilé.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan bínú sí mi pé mò ń polówó Íńdíà, pé ọmọ òun bá ètò Mandela Washington ti ìjọba Amẹ́ríkà lọ, ó sì jàǹfààní rẹ̀. Ẹ má bínú, sà. Mo mọ ètò yẹn. 2014 ni ikọ̀ àkọ́kọ́ lọ, ẹni 500 láti ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní yunifásítì, ẹni ọdún 25 sí 35 ni wọ́n sì máa ń mú. Ẹ bi ọmọ yín ohun tó gbà bọ̀. Mo lérò pé á ní èèyàn ni: ẹni kan ní Gánà, ẹni kan ní Kẹ́ńyà, ẹni kan tó ń fìwé ránṣẹ́ sí i tí iṣẹ́ bá yọjú. Fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tàbí tó ń dá ilé ìwé sílẹ̀, tàbí tó ń wá olówó tó máa bá a dá owó pọ̀, ìyẹn ju wúrà lọ.

Wọ́n tún máa ń kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń dúró síwájú olówó, tó máa fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣàlàyé òwò rẹ̀. Níbo ni àbúrò wa yìí ti máa lò ó? Kò sẹ́ni tó ń fún alágbọn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ní Àgbádárìgì. Wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á ní ó ti wọ́n jù, wọ́n á lọ.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan láti Ìkòròdú ta kò mí níbẹ̀. Ó ní òun ń ṣe ẹja gbígbẹ, òun lọ sí irú ètò yẹn, ohun tí òun rí gbà ò ju pé ẹ̀rù ọ̀gá báńkì ò ba òun mọ́, àti pé látinú ìyẹn lòun ti rí owó kọ́ ààrò tuntun. Mo gbà fún wọn. Tó bá jẹ́ ẹ̀rù ló ń dí ọ lọ́wọ́, lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ti ń ná ọjà pẹ̀lú onímọ́tò Sèmè lójoojúmọ́, mi ò rò pé ẹ̀rù ni ìṣòro rẹ̀.

* * *

Sí ẹni tó béèrè nípa àjẹ́ǹtì tó ní kóun san owó fọ́ọ̀mù: má san kọ́bọ̀. ITEC kì í gbowó fọ́ọ̀mù, ti Mandela Washington náà ò gba owó. Ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè wọn fúnra wọn ni kí o bi léèrè. Ẹnì kan ní agbègbè wa níbí gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ bíi mẹ́wàá lórí ohun tí ìjọba fi ń tọrẹ. Fọ́ọ̀mù tó fún wọn, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti tẹ̀ ẹ́ jáde.

* * *

Ẹnì kan ní kí n má ka Àjàṣẹ́ mọ́ òkè òkun, pé kò sí òkun kankan láàárín àwa àti wọn. Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Lóòótọ́, Àjàṣẹ́ sún mọ́ wa ju Ìkẹjà lọ. Yorùbá ni mo fi ń ra oúnjẹ níbẹ̀. Láti 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ ìlú ara wọn lè wọlé láìgba físà, kó gbé 90 ọjọ́. Ẹ gbé ìwé ìrìnnà yín dání, kí wọ́n lù ú lóńtẹ̀ kí ọkàn yín balẹ̀.

Songhaï ni mo lọ. Bàbá Nzamujo, àlùfáà ìjọ Àgùdà, ọmọ Nàìjíríà, ló dá a sílẹ̀ ní 1985. Ẹ wò ó, ọmọ wa ló lọ dá ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, àwa náà tún ń sọdá lọ kọ́ ọ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ni pé kí ohunkóhun má ṣòfò: ìgbẹ́ ẹran di gáàsì ìdáná, àjẹkù ohun ọ̀gbìn di oúnjẹ ẹran, omi ẹja lọ sí oko ẹ̀fọ́. Látìgbà tí mo ti dé ni mo ti ń fi igbá àgbọn dáná òróró, tí mò ń ta èérún àgbọn tí mo ti fún òróró rẹ̀ tán fún ẹlẹ́lẹ́dẹ̀. Mi ò ra igi mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún bí wọ́n ṣe ń dá iye lé ọjà. Mo rí ìyá kan ní Àjàṣẹ́ tó fi ọ̀dà kọ iye ọjà rẹ̀ sára ògiri ìsọ̀. Ọ̀dà! Séfà, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, ò yẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yúrò, 655.957 ni yúrò kan láti 1999. Náírà tiwa, láti June 2023 tí ìjọba ti tú u sílẹ̀, iye ọjà ń yí débi pé ṣọ́ọ̀kì gan-an ti pẹ́ jù láti fi kọ ọ́. Ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹni tí owó rẹ̀ dúró sójú kan, tún un rò kí o tó lò ó nílé. Tó bá jẹ́ pé ọdọ̀ wọn lo fẹ́ máa tà sí, rántí August 2019 sí December 2020 tí ìjọba ti ẹnubodè pa. Àwọn tó kó gbogbo oníbàárà wọn sí Kútọnu nìkan mọ ohun tí ojú wọn rí.

Ó kù díẹ̀ n gbàgbé: Àjárá lo ní o wà. Abúlé Faransé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ níbẹ̀ láti 1991. Tẹ́lẹ̀, òkèèrè ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wa ti ń lọ lo ọdún kan láti kọ́ Faransé. Nígbà tí owó ò tó mọ́, ìjọba kó ẹ̀kọ́ náà wálé, wọ́n gbé e sí etí ẹnubodè. Akẹ́kọ̀ọ́ ń ti ìpínlẹ̀ òkèèrè wá síbẹ̀ nígbà tí àwa tí a bí síhìn-ín kì í yọjú. Ẹni tó ń tajà lọ́nà Sèmè tí kò lè ka lébẹ́ẹ̀lì Faransé, owó ló ń pàdánù.

* * *

Ẹni tó ní àbúrò òun wà ní Jámánì: Ausbildung ló ń ṣe, ìyẹn kì í ṣe pàṣípààrọ̀. Ìkọ́ṣẹ́ ni, ọdún 2 sí 3 àti ààbọ̀, ó ń gbowó oṣù, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó sì ń lọ sílé ìwé láàárín ọ̀sẹ̀. Àwa náà ní ìkọ́ṣẹ́. Kí ló wá yàtọ̀? Ẹ bi àbúrò yín ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ nílé ìwé yẹn. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ búrẹ́dì lọ́dọ̀ wọn ń kọ́ nípa àdéhùn iṣẹ́, owó orí àti bí ọrọ̀ ajé ṣe ń lọ.

Lọ́dọ̀ wa, ọmọ iṣẹ́ lè bá ọ̀gá gbé ọdún mẹ́rin, kó mọ gbogbo iṣẹ́ ọwọ́, kó pọn omi, kó fọ aṣọ ọ̀gá. Ọjọ́ fíríìdọ̀mù, wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n ya fọ́tò. Kò tíì rí inú ìwé owó ọ̀gá rẹ̀ rí. Mo ti bá àwọn ẹgbẹ́ mi jà lórí èyí. Wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ tó bá mọ èrè ọ̀gá, owó ló máa béèrè. Kó béèrè! Àwọn méjì tó wà lọ́dọ̀ mi mọ iye tí ike kan ń ná mi, àwọn fúnra wọn ló sì ń bá mi pariwo mọ́ ẹni tó bá ń fi epo jẹnẹrétọ̀ ṣòfò.

* * *

Padà sórí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ, torí òun ló sọ ohun tó wúwo jù nínú gbogbo èyí, ẹ̀yin sì ń fi í rẹ́rìn-ín.

Ìsọ̀ lè kú lóòótọ́. Àwìn ló máa ń pa á. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé oní-nǹkan ò sí nílé, gbogbo ẹni tó ń rà lówó á máa sọ pé "a ti jọ sọ ọ́". Torí náà, kí o tó lọ, kọ orúkọ gbogbo ajigbèsè sínú ìwé kan, kí o kà á sí ìyá rẹ létí, kí o sì sọ fún àwọn ajigbèsè fúnra wọn pé ìyá rẹ ni wọ́n máa san án fún. Àwìn tuntun, kò sí. Ẹni tó ń tajà kọ́ ni kó gbówó sílé. Kí ìyá rẹ gbówó, kí ọmọ iṣẹ́ àgbà tajà, kí àbúrò rẹ ka ike tó kù lálaalẹ́, kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp. Má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ máa ṣọ́ ìyá rẹ o. Ìyá tó bá fura pé wọ́n fi ọmọdé ṣọ́ òun á gbé kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀, ẹjọ́ á sì dé ọ̀dọ̀ àwọn àbúrò bàbá rẹ.

Má sọ ọjọ́ tí o máa dé fún ẹnikẹ́ni nínú ọjà.

Kó tó di pé o lọ, dán an wò. Jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan, má yọjú, má pe wọ́n lórí fóònù. Ohun tó bá bàjẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn ni kí o tún ṣe. Tí gbogbo rẹ̀ bá dojú rú, ìyá rẹ ló jàre, o ò tíì lè lọ lọ́dún yìí. Fọ́ọ̀mù á tún jáde lọ́dún tó ń bọ̀.

Bàbá tó kọ ọ́ pé obìnrin kì í fi ilé sílẹ̀ lọ kọ́ òwò, ẹ kú àgbà o, sà. Àwọn ìyá wa ní Àgbádárìgì ti ń sùn ní Kútọnu àti Lomé nídìí ọjà kí wọ́n tó bí èmi. Owó ìwé ta ni wọ́n fi èrè rẹ̀ san?

* * *

Àbúrò mi, o ṣeun tí o padà wá pẹ̀lú ìṣirò. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò tíì kà á: ó ní ike òróró ńlá ń mú èrè díẹ̀ wá, ike kékeré ń jẹ òun lówó, torí ike àti lébẹ́ẹ̀lì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó òróró inú rẹ̀. Àgbọn díndín, èyí tó ti fẹ́ pa tì nítorí pé kò gbayì lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, òun ló ń bọ́ gbogbo wọn.

Nítorí náà, ó yàtọ̀ sí ohun tí mo rò lákọ̀ọ́kọ́. Tó bá jẹ́ òróró ni, màá ní kí o lọ wo òṣùwọ̀n àti ẹ̀rọ. Àgbọn díndín ni tìrẹ. Kerala ṣì ni, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi òróró àgbọn dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá, òjò á máa rọ̀, á ṣì máa dún lẹ́nu. Nínú fọ́ọ̀mù, níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí o fẹ́ kọ́, má kọ "bí a ṣe ń darí òwò". Kọ ọ́ pé o fẹ́ mọ bí ohun díndín ṣe ń pẹ́ nínú ọ̀rá láìrọ̀ ní àkókò òjò, irú ọ̀rá wo ni, ẹ̀rọ wo ló ń dì í, eélòó ni. Kí o tó fọwọ́ sí i, bi wọ́n bóyá wọ́n máa mú yín dé ilé iṣẹ́ tó ń dín nǹkan, torí wọ́n lè fi gbogbo àkókò yẹn kọ́ yín ní okùn àgbọn, o sì ti gbọ́ tèmi lórí okùn.

Ike kékeré yẹn, fowó lé e lọ́sẹ̀ yìí. Má dúró dìgbà tí o bá ń lọ, kí wọ́n má bàa rò pé ìyá rẹ ló gbé owó ọjà gòkè nígbà tí o ò sí nílé.